Pátákó Tí A Kọ́ Sórí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òjò láti ìdájí. Ìkùukùu sọ̀kalẹ̀ títí dé ojúde kílíníìkì, mi ò rí ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì rárá, ohùn àwọn ọmọ nìkan ló ń jáde látinú funfun yẹn, wọ́n ń kọrin àárọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Láti bí ọdún kan ni ayé ti ń rọ̀ sí i lójú mi báyìí, etí gbogbo nǹkan ń tú díẹ̀díẹ̀ bí òwú, iná títì sì máa ń gbé òrùka wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti gbà pé ìbàlẹ̀ ọkàn àgbà nìyẹn.

Lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú. Ìyá Ìgò, apoògùn wa, ló kà á sókè torí pé ọwọ́ mi wà nínú omi ọṣẹ. Wọ́n kí wa, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní nínú irínwó ó lé méjìlá ọmọ ilé-ìwé tí mo yẹ ojú wọn wò ní sáà tó kọjá, méje péré ni kò ríran dáadáa, ìròyìn ayọ̀ gbáà ni. Nítorí náà, bí sáà yìí bá ti parí, wọ́n á kó yàrá ojú wa lọ sí ìlú mìíràn tó nílò rẹ̀ jù wá lọ: àpótí awò ojú, ẹ̀rọ tó ń gé awò, àti ọkùnrin tó ń wá gé e lóṣooṣù.

Mo nu ọwọ́ mi nù, mo tún un nù. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo kọ iye yẹn ránṣẹ́ sí wọn. Mo tiẹ̀ fi ṣe fáàrí. Mo ń sọ ọ́ kiri pé ojú àwọn ọmọ wa mọ́ gaara.

Ìyá Ìgò ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ti fi ẹnu ara rẹ lé aláàánú lọ." Ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà ò jáde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo sọdá sí ilé-ìwé, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan. Olùkọ́ ìṣirò kọ iṣẹ́ sí pátákó. Gbogbo àwọn ọmọ tẹrí ba, wọ́n ń kọ ọ́, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń wò: orí tó ń gbé sókè wo pátákó kò tó nǹkan. Ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìyókù ń wò.

Olùkọ́ ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà. Ẹni mẹ́ta á wo pátákó, gbogbo kíláàsì á wo ẹni mẹ́ta."

Mo padà wá ṣí rẹ́jísítà mi. Ó yege. Ó yege. Ó yege. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún, ọwọ́ ara mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Oògùn aràn la pín lónìí. Òjò dá díẹ̀, àwọn ọmọ tò sójúde, àwọn tó ti gbà á tán ń fo okùn. Mo wà lẹ́bàá fèrèsé, mò ń ka hóró oògùn, ni mo gbọ́ orin tí wọ́n fi ń fo okùn náà. Kì í ṣe orin. Lẹ́tà ni. T, A, H. L, O, D, N. Ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, títí dé àwọn tíntìntín ìsàlẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń lé e ni gbogbo wọn ń pè ní Gbohùngbohùn. Òun ló máa ń ka ìwé fún gbogbo ilé-ìwé láàárọ̀, torí pé ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í jábọ́ mọ́. Mo pè é.

"Kí lẹ̀ ń kọ yẹn?"

"Pátákó ojú ni, mà. Èyí tó wà lára ògiri yín."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Tí ẹni iwájú bá ń kà á fún yín, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tètè mọ̀ ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ." Ó yọ̀, bí ẹni tó ń retí ẹ̀bùn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ sórí?"

Ó wò mí bí ẹni wo aláìmọ̀kan. "Ká má baà fìdí rẹmi ni, mà. Ta ló máa ń wọ yàrá ìdánwò láì kàwé?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo rín in títí mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tó yá, mi ò mọ̀gbà tí ẹ̀rín yẹn di nǹkan mìíràn, Ìyá Ìgò ló fi aṣọ rẹ̀ nù mí lójú. Àwọn ọmọ yìí kàwé fún mi ni. Wọ́n kàwé, wọ́n yege, wọn ò sì rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o láàárọ̀. Mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé iye tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́. Ìyá Ìgò ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí n ṣáà sọ pé ojú àwọn ọmọ ti bàjẹ́ lójijì.

"Irínwó ojú ló bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan?"

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà," ló fi dá mi lóhùn, "owó lọ́wọ́ là ń ra èké."

Àmọ́ nígbà tí mo kọ ọ́ tán, òun náà ló lọ wá àpò ìwé. Mo sọ fún wọn pé àṣìṣe tèmi ni, pé pátákó kan ṣoṣo ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án, pé kí wọ́n fún wa láàyè ká tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ti lọ. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo lálàá pé yàrá ojú kún fún omi tó mọ́, tí kò jinlẹ̀ ju orúnkún lọ. Àwọn lẹ́tà bọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n ń léfòó yí mi ká jẹ́jẹ́. Mo ń ki ọwọ́ bọ omi, mò ń mú wọn. Bí mo bá ti gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, á yọ́. Ẹ̀rù ò bà mí, ó dùn ni. Mo jí, òjò ń rọ̀ sórí páànù, mo tún dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ kíkọ orúkọ sára ilé ìtajà àti ọkọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní òun á ṣe pátákó mẹ́rin fún mi, lẹ́tà tó yàtọ̀ síra lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa pààrọ̀ wọn, ká wo ẹni tó máa kọ́ mẹ́rin sórí. Ọ̀dà dúdú ti wọ́n jù. Ìyókù tó wà nísàlẹ̀ agolo ló fi òróró tú. Ilé ń rùn, mo sì fẹ́ràn òórùn náà, ó rán mi létí ìgbà tó ń wá fẹ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọkọ mi gbé pátákó àkọ́kọ́ dúró sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn kí n kà á fún òun, kí òun mọ̀ bóyá lẹ́tà náà hàn. Mo ka tòkè. Ó ní ó dáa. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e, mo ṣi ọ̀kan kà, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó wá ní, "Ìlà tó kẹ́yìn ńkọ́?"

Mo kà á. Gbogbo rẹ̀, láìdánudúró, P, E, Z, C, F, T.

Ó tún bi mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí lo kà?"

Mo tún un kà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "mi ò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀."

Mo rìn lọ, mo fọwọ́ kan pátákó náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó ṣófo. Ohun tí mo kà ni ìlà ìsàlẹ̀ pátákó àtijọ́, tó wà lára ògiri kílíníìkì, tí mo ti ń na ọ̀pá sí láti ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ìkùukùu. Kì í ṣe ìbàlẹ̀ ọkàn kankan. Ojú mi ló ń lọ, èmi sì jókòó, mò ń gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ṣáà gbé àga mi súnmọ́ fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo sọ fún Ìyá Ìgò. Ó fa etí mi bí ẹni fa etí ọmọdé, ó mú mi lọ síbi tó ṣókùnkùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú ọ̀tún, ó tan án sí tòsì.

"Funfun ti ń bo ẹyin ojú méjèèjì. Tòsì ló burú jù. Ìwọ! Nọ́ọ̀sì! Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ìwọ wá ń fi orí ṣọ́ ojú."

Mo ní kó má pariwo. Ó ní ta ni òun ń pariwo fún, ṣé ẹni tí kò ríran ni kò tún ní gbọ́ràn? Lẹ́yìn náà ó dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó tú mi sílẹ̀.

Bá a ṣe máa ṣe é nìyí. Àyẹ̀wò tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Ìgò á dúró ti pátákó, á na ọ̀pá, á wo ẹni tó gbà á àti ẹni tó ṣì í. Èmi á jókòó síbi tábìlì, mò ń kọ̀wé. Ojú mi ṣì ń rí ohun tó wà nítòsí bí mo bá tẹrí ba dáadáa. Ó ní òun ń ṣe é nítorí àwọn ọmọ, kì í ṣe nítorí mi. Irọ́ ló ń pa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ọmọ la yẹ̀ wò. Méjìdínlógún ò ríran dáadáa. Lọ́jọ́ kan péré.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ gíga kan tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, dúró lórí ìlà tí a fà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wo pátákó títí. Ó ní, "Ẹ ti yí i padà." Ó ń fi ohùn bẹ̀bẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ti yí i padà, sọ ohun tó o bá rí. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó rò pé mo máa nà án.

Iná ti lọ láti àná. Ojú fèrèsé la ti ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

A parí. Irínwó ó lé méjìlá. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni kò ríran dáadáa. Ìyá Ìgò ka orúkọ wọn sókè fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ àpapọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án kan náà, mo sì tọrọ pé kí yàrá ojú dúró fún ọdún mẹ́ta sí i. Òòrùn yọ fún nǹkan bí wákàtí kan, gbogbo ọ̀nà ń dán yanran, mo rìn lọ sílé bí ẹni tó ń rìn lórí omi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Èsì dé, pẹ̀lú páìpù gígùn kan tí wọ́n ká pátákó tuntun sínú rẹ̀. Dókítà wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Á mú ogójì ọmọ bó ṣe wù ú, á fi pátákó yìí yẹ̀ wọ́n wò fúnra rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá iye tuntun yìí ṣe é gbọ́kàn lé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá ojú á dúró.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, á kọ́kọ́ yẹ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò wò. Yàrá tí ẹni náà kò bá lè ka ìlà kẹfà kò lè máa lo orúkọ ẹgbẹ́.

Orúkọ mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Ìgò ò kọ́ iṣẹ́ ojú. Kò sí ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

A gbé e kọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, E, àmọ́ wọ́n ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri: ibì kan ó kọ ẹsẹ̀ sókè, ibì kan sílẹ̀, ibì kan sọ́tùn-ún, ibì kan sósì. Ẹni tó ń wò ó á fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ kọ sí. Mo dúró lórí ìlà. Mo rí ìlà kejì. Láti ìlà kẹta lọ, bí ẹni pé ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ tó ní ọ̀dà lára nu ún ni.

Ó lẹ́wà, ká sọ tòótọ́. Eérú rírọ̀. Mo kórìíra bó ṣe lẹ́wà tó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹnu Ìyá Ìgò kò lè pa nǹkan mọ́, mo ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún, mo tún sọ ti ojú mi fún un, ó sì ti tú u fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ilé-ìwé, Gbohùngbohùn àti àwọn mẹ́fà mìíràn wọlé wá láì kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tò síwájú mi.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, a ti kọ́ ọ. Ẹ máa tẹ̀ lé wa."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka pátákó tuntun náà, pẹ̀lú ọwọ́, bí eré ìdárayá àárọ̀. Ìlà kẹfà ni wọ́n ń tún ṣe lemọ́lemọ́. "Ọ̀tún, òkè, òkè, òsì, ilẹ̀. Ọ̀tún, òkè, òkè, òsì, ilẹ̀."

Mo lé wọn jáde. Mo pariwo mọ́ wọn gidigidi, mi ò rántí ìgbà tí mo pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Gbohùngbohùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "A ò fẹ́ kẹ́ ẹ fìdí rẹmi ni, mà." Ó tún fi kún un, kí ó tó sáré lọ: "Kò le."

Kò le lóòótọ́. Mò ń fọ abọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ṣàdédé lọ sọ́tùn-ún, ó gòkè, ó tún gòkè. Ọkọ mi bi mí pé ta ni mò ń pè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìyá Ìgò wá sílé, ó jókòó ti ọkọ mi, àwọn méjèèjì sì dojú kọ mí.

"Irọ́ kan ṣoṣo," Ìyá Ìgò ní. "Ìṣẹ́jú kan. O ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, àwọn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ọmọ á rí awò. Lẹ́yìn náà, o lọ tún ojú rẹ ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ta lo pa lára?"

Mo wo ọkọ mi. Ó ní, "Mo ṣáà mọ̀ pé o ò tíì sùn láti ọjọ́ Ajé."

Mo bínú sí wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ kí ni àgbà máa ṣe bó bá jẹ́ pé orí tirẹ̀ náà ló wọ́?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Òjò. Mo fi ọ̀sán yìí nu àpótí awò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo nù ún, mo dá a padà sínú ihò rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa parí, mo ti pinnu pé màá ju ọwọ́ náà. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ pé mi ò pinnu bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Dókítà náà kéré ju ọmọ mi àgbà lọ. Obìnrin tó rẹlẹ̀ lóhùn, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà nítorí ẹrẹ̀ náà. Ó kí mi ní "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó wo rẹ́jísítà mi látòkè délẹ̀, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ìyá Ìgò gbé omi wá.

"Ó yá, mà," dókítà ní. "Tiyín ni ká kọ́kọ́ ṣe kó kúrò nílẹ̀."

Mo dúró lórí ìlà, mo fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ó dúró ti pátákó, ó kọjú sí mi. Fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ìlà kejì, mo rí i, mo júwe. Ó na ọ̀pá sí ìlà kẹfà.

Ibi tí ọ̀pá wà, eérú ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lórí mi. Ọ̀tún, òkè, òkè. Mo gbé ọwọ́ díẹ̀. Ìgbà náà ni nǹkan mì lẹ́yìn dókítà. Fèrèsé náà ti kún. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀, wọ́n dúró nínú òjò lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé wá látinú kíláàsì, orí lórí orí, wọ́n sì na ọwọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn ò pariwo. Ọwọ́ wọn gòkè. Ó tún gòkè. Nínú ìkùukùu ojú mi, bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni wọ́n rí.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé orí mi ń sọ ọ̀tún, ọwọ́ wọn ń lọ sósì.

"Mà?" dókítà ní.

Mo wo àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n ti rẹ gbindingbindin. Mo rántí ọmọ gíga ọjọ́sí tó rò pé mo máa na òun nítorí pé òun ò rí nǹkan kan, mo sì rí i kedere pé bí mo bá ju ọwọ́ yìí, ohun tí mo ti ń kọ́ gbogbo wọn láti ọdún mẹ́sàn-án náà ni mo tún fẹ́ kọ́ wọn.

Mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀. "Mi ò rí i, dókítà. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn yín ni mò ń rí."

Ó yíjú padà. Ó rí ọwọ́ wọn kí gbogbo rẹ̀ tó já lulẹ̀. Ẹnì kan ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Mo sọ ìyókù kí ọkàn mi tó yẹ̀. Mo ní, "Ní sáà tó kọjá, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan. Wọ́n ń kà á látorí, èmi náà ń gbọ́ ọ látorí, kò sẹ́ni tó wo ògiri nínú wa. Àmọ́ iye tuntun yìí, apoògùn wa ló dúró ti pátákó, ojú tirẹ̀ dára. Ẹ má fi tèmi gba tàwọn ọmọ lọ́wọ́ wọn."

Ìyá Ìgò ti ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èjìká dókítà ń mì, mo rò pé inú ló ń bí i. Ẹ̀rín ni.

"Òdì ni wọ́n tiẹ̀ ń júwe fún yín, mà," ó ní. "Wọ́n kọjú sí yín. Ọ̀tún wọn, òsì yín ni."

Ó yẹ ogójì ọmọ wò títí di ìrọ̀lẹ́. Mẹ́sàn-án ò ríran dáadáa, orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì wà nínú ìwé wa. Kí ó tó lọ, ó kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á fún wa. Yàrá ojú á dúró fún ọdún kan, kì í ṣe mẹ́ta bí a ṣe tọrọ. Ìyá Ìgò á lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Èmi ò gbọ́dọ̀ yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò mọ́ títí wọn á fi ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, tí màá sì fi ojú ara mi ka ìlà kẹfà. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Inú mi sì dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Ọjọ́ ìkẹyìn sáà. Òjò dá pátápátá. Mo wà nínú yàrá ojú, mò ń palẹ̀ mọ́ fún Ìyá Ìgò. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo kọ orúkọ ara mi sábẹ́ tàwọn ọmọ: ẹni kẹrìnléláàádọ́rùn-ún, kò ríran dáadáa. Mo tẹrí ba gidi kí n tó lè kọ ọ́ tọ́.

Gbohùngbohùn wọlé. Mo rò pé ó wá tọrọ àforíjì nítorí fèrèsé. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín, mà? Pé ẹ sọ pé ẹ ò rí i?"

"Ó dùn mí."

"Ṣé wọ́n bú yín?"

"Wọn ò bú mi."

Ó gbé orí sókè. "Ẹ jẹ́ kí n tún tèmi ṣe."

Mo ní orúkọ rẹ̀ ò sí lára àwọn tí kò ríran, pé ó ka pátákó títí délẹ̀ lójú Ìyá Ìgò. Ó mi orí. Ó ní lẹ́tà ńlá òkè nìkan ni òun rí. Pátákó mẹ́rin, lẹ́tà òkè mẹ́rin. Bí òun bá ti mọ èyí tí wọ́n gbé kọ́, ìyókù, òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wà níwájú. Pátákó tuntun náà, òun ò rí i rí. Àwọn ẹgbẹ́ òun ló sọ ọ́ fún òun. Ìwé tí òun ń kà láàárọ̀, àbúrò òun ló máa ń kà á fún òun nílé lálẹ́.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìmí, bó ṣe máa ń ka nǹkan.

Mi ò láṣẹ láti yẹ ẹnikẹ́ni wò mọ́. Mo mú un lọ́wọ́, mo mú un dúró sórí ìlà, èmi náà dúró tì í. Òòrùn wọlé láti fèrèsé, ó bo gbogbo ògiri.

"Kí lo rí?" mo bi í.

"Nǹkan funfun kan, mà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ní ohun tí èmi náà ń rí nìyẹn. A dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, a kọjú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo lọ pe Ìyá Ìgò kó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.